Ohùn Abibat Nínú Àwo

Ọ̀rẹ́ mi ni Asimawu. Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jọ yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan náà ní Òkè-Àgbò, èmi Zipporah tí mo jẹ́ Aládùúrà, òun tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Ààrò rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tèmi wà lápá òsì, èéfín kan náà ló ń ta wá lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n títí ó fi ti ẹnu èmi fúnra mi jáde.

Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo wa lọ. Bí ó bá ń fi igbá ro gàrí nínú agbada, kì í jẹ́ kí ẹyọ kan jóná. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, Mùbàṣírù, ń ṣe olùkọ́ ní apá Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń kó àwọn àgbàlagbà jọ ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ wọn ní ìwé, gbogbo wa lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì sá padà sídìí iṣẹ́ wa. Òun nìkan ló lọ títí tí ó fi lè ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀.

Ohun kan ló yà á sọ́tọ̀: kì í kọrin. Àwa obìnrin tí ń rin ẹ̀gẹ́, orin la fi ń gbàgbé pé apá ń ro wá. Tiwa yóò máa lọ, tirẹ̀ yóò dákẹ́ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ti bi í léèrè nígbà kan. Ó ní ohùn òun ò dára. Irọ́ ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo ti gbọ́ ọ tí ó ń pe ewúrẹ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá Rùfáì là ń pè wọ́n, nítorí Rùfáì, àgbẹ̀ kan tó ń gbé ní Òjòwò, ni àkọ́bí wọn. Ojú wọn ti ṣe funfun, òjìji lásán ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n etí wọn ò di rárá. Asimawu ń tọ́jú wọn bí ẹyin. Omi gbígbóná ní òwúrọ̀, omi àlùwàlá ní ìgbà márùn-ún, ẹ̀kọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rò. Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìyá, kí ó lọ wo Asimawu.

Nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ Abibat.

Èmi ò bá Abibat láyé. Àgó-Ìwòyè ni wọ́n ti gbé mi wá sílé ọkọ, ó sì ti kú kí n tó dé. Ohun tí àdúgbò sọ fún mi ni pé ní ọdún 1937, nígbà tí orin wákà gbòde láàárín àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti Abibat. Àwọn oníṣòwò àwo orin ń ti Èkó wá sí ìlú wa nígbà náà, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Abibat níbi ìgbéyàwó, ó ní kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó. Ìyá rẹ̀ kọ̀. Abibat ò gbọ́. Ó sá lọ, ó sì fa Asimawu àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn yòókù wọkọ̀ ilẹ̀ padà wálé, ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n kọrí sí Ìwopin. Ìjì dé lórí ọ̀sà, ọkọ̀ dojú dé. Àwọn apẹja yọ Asimawu. Wọn ò rí Abibat títí di òní.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò rẹ̀. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1962, èmi àti Asimawu kó gàrí lọ sí ọjà Ìwopin bí a ti máa ń ṣe. Àwọn ará etídò fẹ́ràn gàrí wa, àwa náà sì ń ra ẹja gbígbẹ àti edé bọ̀. Mo máa ń rí i pé kì í wo ojú omi. Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí i ni, bí òòrùn tilẹ̀ ń pa á lójú.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hàmídù, tí ó ń ta edé pẹ̀lú àwọn nǹkan àlòkù: fìtílà, abọ́ tánganran, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn ohun dúdú pẹlẹbẹ kan ló fi bo ìkòkò edé rẹ̀.

Mo bi í pé, “Kí lẹ fi dé edé yìí?”

“Àwo orin ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó kú l'Ékòó ló ni wọ́n. Odindi àpótí kan ni mo bá nínú yàrá rẹ̀. Ta ló tún ń gbọ́ orin ayé àtijọ́? Gítà ni gbogbo wọn ń fẹ́ báyìí.”

Asimawu mú ọ̀kan, ó fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ún. Bébà róbótó kan wà láàárín rẹ̀, àwòrán ẹyẹ ọ̀kín sì wà lórí bébà náà. Ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà bí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì. “Ẹ-gbẹ́ Wá-kà Ò-kè Àg-bò.” Ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín omi ẹja, ó gbá àwo náà mọ́ àyà.

Hàmídù ní, “Ìyá, kí ló dé? Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ máa mú un lọ. Abọ́ ni n ó fi bo edé mi.”

Inú lọ́rì ni ó tó sọ̀rọ̀. “Zipporah, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ohun tí mo gbé lẹ́sẹ̀ yìí. Mi ò mọ̀ pé ó jáde. Mo rò pé bí ó ti kú yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti parí.”

Mo ní, “Inú Ìyá yóò dùn.”

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí. “Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.”

Mo rò pé nítorí àánú ìyá rẹ̀ ni.

Ọkọ mi Hezekiah, Bàbá Mary, káfíńtà ni. Kí ó tó di ará ìjọ wa, ó ra giramafóònù kan nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí ó wọ aṣọ funfun, ó sọ fún àwọn àgbà ìjọ, tí wọn ò fẹ́ orin ayé, pé òun ti tà á.

Mo sọ fún un pé, “Bàbá Mary, ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ yẹn sọ̀kalẹ̀.”

“Ẹ̀rọ wo?”

“Èyí tí ẹ dì sínú àpò ìdọ̀họ sókè àjà.”

“O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?”

“Ta ló ń gbá òkè àjà?”

Ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó fi òróró sí i, ó yí ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì tí ó fi ń gbẹ́ igi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó wà ní òpópónà kejì sí ilé Asimawu. Ọ̀sán gangan ni. Eruku igi wà nínú òòrùn. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo náà.

Ó kọ́kọ́ ń dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé. Lẹ́yìn náà ni sẹ̀lí bẹ̀rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọge ń lù pọ̀ nígbà náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn kan dìde. Mo ti gbọ́ orin púpọ̀ láyé mi. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ó ga. Ó mọ́ ni, bí omi àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì dà láàmú.

Ẹ bá mi kí Màámi l'Ókè-Àgbò,
Abibat ò sá o, Abibat ń bọ̀ wálé.
Asimawu ló ní ká wá, èmi kọ́,
Àbúrò ló f'ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ d'Ékòó.
Ẹ má bá mi wí, ẹ bá alágídí wí.

Lẹ́yìn ìlà yẹn, ọmọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín nínú àwo náà, ẹ̀rín kúkúrú tí wọ́n tètè fi ọwọ́ bò. Àwọn yòókù sì gbe orin.

Asimawu dúró láìmira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí i tí ó wo ojú mi, tí ó tún wo ti Hezekiah, bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Ṣùgbọ́n kí ni àwa mọ̀? Àwọn olórin a máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, “Ó pe orúkọ rẹ! Asimawu, orúkọ rẹ wà nínú àwo!” Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ràn mi.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí ládùúgbò wa. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa gbọ́ pé orin ọdún 1937 ń dún ní ṣọ́ọ̀bù Hezekiah, wọ́n sì ń yà wá bí wọ́n bá ti ọjà dé. Àwọn tí ó ní àwo àtijọ́ gbé e wá. Ẹnì kan tú àpótí, ó yọ aṣọ àrán tí ó wọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó, ó sì ń fi í lọ sọ́jà. Àwọn ọmọge tí wọ́n ti ń fi irin gbígbóná na irun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n bá wọn di í bí ti ìgbà yẹn. Gèlè tí a ń wé fẹ̀ tẹ́lẹ̀, a tún ń wé e kékeré, kí ó fì sí apá kan. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ń kọ gítà nílé àwọn olówó, àwa ń kọ wákà àwọn tó ti kú lábẹ́ àtíbàbà. Orin Abibat sì bá rírin ẹ̀gẹ́ mu: bí sẹ̀lí bá lù, apá á lọ, apá á bọ̀.

Asimawu alára yí padà. Ó ń kọrin! Mo rò pé mo ń lá àlá. Ó di irun rẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń fi èjìká jó níwájú agbada. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bóyá méje, ni mo fi rí Asimawu bí ó ṣe yẹ kí ó ti rí ní gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìlà kẹta, ikọ́ á gbé e. Tàbí kí ó ní kí ẹnì kan bá òun mú omi. Bí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí, á ní kí a dákẹ́ pátápátá, a sì ń dákẹ́. Mo rí gbogbo rẹ̀, mi ò fi ṣe nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni. Asimawu ti lọ fọ ẹ̀gẹ́ lódò. Rùfáì ti Òjòwò gbé iṣu wá, ìyá wọn sì fẹ́ kí Asimawu wá gbà á. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n ń tọ ògiri bọ̀ wá sí àtíbàbà. Àwa obìnrin mẹ́rin kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Èmi ni mo ń dá orin. Ara mi ti gbóná, mo gbé ìlà kẹta ga:

Asimawu ló ní ká wá, èmi kọ́,
Àbúrò ló f'ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ d'Ékòó.

“Tún un kọ.”

Mo yí padà. Ìyá Rùfáì dúró síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú.

Mo ní, “Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Orin lásán ni.”

“Mo ní kó o tún un kọ, Zipporah.”

Òmùgọ̀ ni mí. Mo rò pé ó dùn mọ́ wọn ni. Mo tún ìlà méjèèjì kọ.

“Ta ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Inú àwo ni, Ìyá. Abibat ló kọ ọ́.”

Ìgbà tí orúkọ náà jáde lẹ́nu mi ni mo tó rántí ẹ̀bẹ̀ Asimawu nínú lọ́rì. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nínú agbada mi, mo ń gbóòórùn rẹ̀, n kò lè gbé igbá.

Ní àkókò yẹn gan-an ni Asimawu yọ láti ọ̀nà odò, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ń kán omi lórí rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀. Ó rí ojú wa. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Asimawu, ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Mú mi lọ síbi tí àwo náà wà.”

Kò jiyàn. Ó fà wọ́n lọ́wọ́, mo sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, Hezekiah wo ojú mi, ó fi ayùn sílẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Ó gbé àga fún Ìyá. Ó yí ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí ohùn Abibat dìde, ìyá náà na ọwọ́ síwájú, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ojú ènìyàn. Ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́ títí orin fi dé ìlà kẹta. Ẹ̀rín kúkúrú yẹn dún.

“Ta ló rẹ́rìn-ín?”

“Èmi ni, Màámi.”

Wọ́n ní kí Hezekiah tún un lù. Ó tún un lù. Nígbà tí ó parí, wọ́n gbé ọwọ́ sọ̀kalẹ̀ sórí itan.

“Mo bi ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wálé. Mo tún ń bi ọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ?”

“Èmi ni.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ gba Ìwopin?”

“Èmi ni. Mo ní ká ra ẹja wá fún yín, kí inú yín lè rọ̀. Abibat ò fẹ́. Ó ní ẹ̀rù omi ń ba òun.” Asimawu ti wà lórí eékún nínú eruku igi. “Omi ṣì ń kán lára mi nígbà tí ẹ bi mí, Màámi. Mo rí ojú yín, ẹ̀rù bà mí. Orúkọ rẹ̀ ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní n ó sọ òtítọ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti gbọ́.”

Mo ń gbọ́ bí àwo ṣe ń yí lásán.

“Ọjọ́ keje tí àwọn apẹja ń wá òkú rẹ̀, mo dúró létí omi ní Ìwopin. Mo ní ọmọ tó ṣe báyìí sí mi, kí omi tó gbé e má dá a padà fún mi.”

“Mo gbọ́, Màámi. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.”

“O wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,” ni ìyá náà wí.

Wọn ò bú u. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní kí èmi mú wọn lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ oúnjẹ tí ó ti ọwọ́ Asimawu wá mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó gbé ẹ̀kọ síwájú wọn, wọ́n fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn láìbínú, bí ẹni tó ti yó ṣe ń ti abọ́ sẹ́yìn. Èmi ni mo wá ń gbé oúnjẹ fún wọn. Asimawu yóò se é lẹ́yìnkùlé, yóò gbé e fún mi láti ojú fèrèsé, èmi yóò gbé e wọlé bí ẹni pé tèmi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní, “Zipporah, mo mọ iyọ̀ ọmọ mi. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi sè é.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àfáà Àlímì, tí ń darí ìrun ní mọ́sáláṣí wọn. Èmi ni mo tẹ́ ẹní fún un. Wọ́n bi í bóyá àdúrà ṣì lè dé ọ̀dọ̀ òkú lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bóyá a lè tọrọ àforíjì fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ṣépè fún.

Àfáà ní, “Ìyá, àdúrà kì í pẹ́ jù. Ẹni tó kú sómi, a gbà pé Ọlọ́run fún un ní ipò ẹlẹ́rìí, bíi ti ẹni tó kú sójú ọ̀nà Rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pàdánù, òun kọ́.”

“Èyí tí mo sọ létí omi ńkọ́?”

Ó wo ilẹ̀. “Ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run. Ẹ máa tọrọ.”

Wọ́n ṣe àdúrà fún Abibat, wọ́n ṣe sàráà. Asimawu yan gàrí tí wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ló jókòó sí nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo ń mú ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè gbọ́ ọmọ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ń lù ú kí wọ́n tó dìde. Asimawu á wá dúró ní ìta, lẹ́bàá àwọn pákó tí Hezekiah tò sára ògiri, níbi tí ìyá ò ti ní mọ̀ pé ó wà. Irin abẹ́rẹ́ ń jẹ àwo náà. Ohùn tó mọ́ bí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ní iyanrìn nínú, iyanrìn náà sì ń pọ̀ sí i.

Hezekiah sọ fún wọn. “Ìyá, bí a bá ń lù ú báyìí, kò ní pẹ́ tí a ò ní gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lù ú lọ́jọ́ Ẹtì nìkan.”

“Kí n tọ́jú rẹ̀ de ta ni?” ni wọ́n wí. “Lù ú.”

Ẹnì kan lọ sọ fún ìjọ wa. Wọ́n ní kí Hezekiah bọ́ aṣọ funfun fún oṣù mẹ́ta, kí ó máa jókòó sẹ́yìn, nítorí pé ó pa irọ́ nípa ẹ̀rọ náà. Ó bọ́ ọ. Ó ní irọ́ tí òun pa, òun pa á lóòótọ́. Kò sì dáwọ́ àwo lílù dúró.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú àwo náà mọ́. Sẹ̀lí nìkan ni, àti ohun kan bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Ìyá ṣì ń lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n jókòó tì í títí ó fi parí, wọ́n ní, “Ó ti lọ.” Wọn ò tún lọ síbẹ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọn ò lè dìde lórí ẹní.

Rùfáì ti Òjòwò wá, ó bẹ̀ wọ́n. Mo wà níbẹ̀. Ó dojúbolẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin tí irungbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó ní ọmọdé ni Asimawu nígbà náà, ó ní ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sìn wọ́n.

Ìyá ní, “Mo mọ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni.”

Ọjọ́ tí ó ṣáájú ikú wọn, Asimawu wọlé láìjẹ́ pé a pè é. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Ó ní, “Màámi, ẹ dárí jì mí.” Wọ́n la ojú, ojú funfun yẹn, wọ́n kọ ọ́ sí apá ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá.

“Mo gbọ́,” ni wọ́n wí.

Mo dúró kí wọ́n fi nǹkan kan kún un. Asimawu náà ń dúró. Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Mo fún wọn, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Kí òòrùn ọjọ́ kejì tó dé àárín ọ̀run, wọ́n ti kú. Asimawu wà lára àwọn obìnrin tí ó wẹ̀ wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé ìka wọn ló wẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn yòókù fi ní kí ó yára.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ ogójì, gbogbo mọ̀lẹ́bí pé sí ilé náà, Mùbàṣírù pàápàá ti Ìbàdàn dé. Lẹ́yìn tí Àfáà ti lọ, Asimawu dìde dúró láàárín wọn. Kò sí ẹni tó ní kí ó dìde. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó ní kí wọ́n lọ sí Èkó, ẹni tó yan ọ̀nà omi, irọ́ tí ó pa, bí ó ṣe dúró ti ìyá rẹ̀ létí omi tí kò sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí ó parí, Rùfáì ní, “Màámi ti sọ fún gbogbo wa kí wọ́n tó kú. Jókòó.”

Ó ṣì dúró síbẹ̀. Mo rò pé ó ń retí kí ẹnì kan pariwo mọ́ ọn, tàbí kí ẹnì kan gbá a mọ́ra. Ìyàwó Rùfáì béèrè bóyá omi ti hó lórí iná, kí wọ́n lè tẹ ẹ̀bà fún àwọn àlejò. Ẹnì kan ní ó ti hó. Wọ́n bi Asimawu ibi tí gàrí wà, ó sì lọ gbé e wá fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé àtíbàbà, mo bá a níbẹ̀. Ó ti dáná. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rin sínú àpò láti ìjẹta ti fẹ́ kan jù, kò sí bí a ò ṣe ní yan án. Mo bọ́ ìborùn, mo mú igbá mi. Àwa méjèèjì ò kọrin.